Bí Wọ́n Bá Ta Ilé Ìròyìn, Kí Ló Ń Dé Bá Eré Ìdárayá? Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹni tó ni Liverpool tún ní ìwé ìròyìn kan lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, akọ̀ròyìn wo ni yóò gbójúgbóyà bá ẹni tó ń sanwó oṣù fún un wí? — Olùkà yín, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. John Henry lẹ ń wí, Boston Globe sì ni ìwé ìròyìn ọ̀hún. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Fenway Sports Group, ló ra Liverpool ní 2010. Red Sox, ẹgbẹ́ baseball ìlú Boston, ti wà lọ́wọ́ wọn láti 2002. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: Abíọ́lá ní Concord, ó tún ní Abiola Babes tó gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987.

Bí Globe ṣe dọ́wọ́ Henry gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Ní 1993, New York Times ra Globe ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 100 dọ́là. Ní 2002, wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là ra ìpín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ilé-iṣẹ́ tó ra Red Sox. Nígbà tí owó ìpolówó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọ́n ta ìpín eré ìdárayá yẹn díẹ̀díẹ̀ títí di 2012, èrè ni wọ́n sì jẹ lórí ẹ̀. Ní 2013 wọ́n ta Globe fún Henry ní mílíọ̀nù 70. Ọjà 1,100 di ọjà 70, New York Times tún fọwọ́ ara wọn gbé ẹrù owó ìfẹ̀yìntì tó wà nílẹ̀. Henry sanwó lọ́wọ́, kò yá a.

Ní ti ìbáwí, Globe máa ń kọ ọ́ sínú ìròyìn tó bá kan Henry pé òun ló ni ìwé náà. Nígbà tí Red Sox fi Mookie Betts, ìràwọ̀ eléré wọn, ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹgbẹ́ Dodgers ní oṣù Kejì 2020, àwọn akọ̀wé eré ìdárayá Globe bá àwọn olówó ẹgbẹ́ náà wí láìfi bò. Àmọ́ kò ṣòro láti báni wí lórí eré. Ọ̀rọ̀ owó ni kẹ́ ẹ fi dán ìwé ìròyìn wò: ṣé wọ́n ń kọ nípa owó tíkẹ́ẹ̀tì, nípa ilẹ̀ tó yí pápá ká, nípa owó orí? Ta ló sì kọ ọ́? Akọ̀wé eré ìdárayá ò fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá àwọn eléré mọ́ òun. Akọ̀wé ọ̀rọ̀ ajé ò ní nǹkan kan tó ń wá lọ síbẹ̀. Ní ti NESN, tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé Red Sox jáde, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Henry. Ẹ má wá ìbáwí lọ síbẹ̀ rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní fífi gbèsè ra ilé-iṣẹ́? Báwo ni gbèsè ìwé ìròyìn ṣe lè ran ẹgbẹ́ eléré tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó? — Olùkà kan, Peckham, London

ÌDÁHÙN: Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìwọ̀fà ti mọ̀ ọ́n dé ìdajì. Bàbá yá owó, ọmọ ló ń lọ sin olówó. Ibi tí tiwọn fi le ju tiwa lọ ni pé owó tí wọ́n yá yẹn gan-an ni wọ́n fi ra ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ṣiṣẹ́ san iye tí wọ́n rà á.

Chicago ni kẹ́ ẹ wò. Tribune Company, tó ni Chicago Tribune, ra ẹgbẹ́ baseball Cubs lọ́wọ́ ìdílé Wrigley ní 1981 ní mílíọ̀nù 20 àti ààbọ̀ dọ́là. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n WGN wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wá nǹkan tí wọ́n máa fi kún wákàtí. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kan ń gbá nínú sáà kan, òmíràn sì ń gba wákàtí mẹ́ta. Ètò wo ló tún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ní 2007, olówó kan tó ń jẹ́ Sam Zell gba Tribune ní bílíọ̀nù 8.2. Mílíọ̀nù 315 péré ló tọwọ́ òun jáde. Wọ́n kó ìpín ilé-iṣẹ́ sí àpò ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ kí èrè má bàa san owó orí ìjọba àpapọ̀, wọ́n wá yá èyí tó kù. Gbèsè tuntun gun ti àtijọ́, ó di nǹkan bíi bílíọ̀nù 13. Èlé ò mọ̀ pé ọjà ò tà. Ní 2008, ìpolówó ilé, mọ́tò àti iṣẹ́ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bá ń ta ẹrù ilé. Newsday, ọ̀kan lára ìwé ìròyìn wọn, lọ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Cablevision ní mílíọ̀nù 650. Àwọn yẹn ló ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Knicks nígbà náà. Kò tó. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2008, Tribune sá sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè.

Cubs ò sí lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹjọ́. Ìdílé Ricketts ló rà wọ́n ní oṣù Kẹwàá 2009, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 845, pẹ̀lú pápá Wrigley Field àti ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá kan ní ìlú náà. Nǹkan méjì wà nínú àdéhùn yẹn tí ojú kì í tètè rí. Èkíní, wọ́n dìídì mú ẹgbẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ gbèsè kọjá fún bí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdí ni pé bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, ẹni tí Tribune jẹ lówó ò lè lé Cubs dé ilé Ricketts. Èkejì, Tribune di ìdá 5 mú nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà bí ẹni pé ẹ̀yáwó ni, torí ọjà 20 tó di 845, owó orí rẹ̀ kò ṣeé fojú kéré, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gba owó orí lórí ẹ̀yáwó. Àwọn agbowó orí Amẹ́ríkà bá wọn fà á lẹ́yìn náà.

Cubs gba ife ní 2016, èyí tí wọn ò rí gbà láti 1908. Àmọ́ ẹni tó ń wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí WGN-TV rí i títí di 2019 ni. Láti oṣù Kejì 2020, Marquee, tẹlifíṣọ̀n tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Sinclair, ló ń gbé wọn jáde, ẹni tó bá sì sanwó ló ń wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ta ìwé ìròyìn, kí ló kọ́kọ́ ń lọ? — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, torí òun ló yá tà. Tribune Tower, ilé gogoro tí Chicago Tribune wà, lọ ní 2016 ní mílíọ̀nù 240. Lẹ́yìn náà àwọn oníròyìn kó ẹrù jáde. Lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn tó ń pín ìwé kiri.

Ti pínpín ìwé yìí, ẹ má fojú kéré ẹ. Nígbà tí ọdún 2015 ń parí lọ, Globe gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn kí owó lè dínkù. Awakọ̀ ò tó, ọ̀nà tí wọ́n là kalẹ̀ fún àwọn tó wà sì ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ ní àdúgbò kan náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni ìwé ò dé. Ní òru Sunday, ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 2016, àwọn akọ̀ròyìn àti olóòtú fúnra wọn lọ sí ibi ìkówèésí, wọ́n ń ki ìwé bọ ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o sẹ́yìn mọ́tò ara wọn, wọ́n ń wá nọ́ńbà ilé nínú òkùnkùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló kàn. Alden Global Capital, ilé-iṣẹ́ adókòwò kan, parí rírà ilé-iṣẹ́ tó ni Chicago Tribune ní oṣù Karùn-ún 2021, ní mílíọ̀nù 633. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti fi owó lọ àwọn akọ̀ròyìn pé kí wọ́n gbà kí wọ́n máa lọ, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ sì gbà. Yàrá eré ìdárayá kì í ṣe ibi ààbò. New York Times ra The Athletic, ilé ìròyìn eré ìdárayá orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2022 ní mílíọ̀nù 550. Ní oṣù Keje 2023 wọ́n ní àwọn máa ti ẹ̀ka eré ìdárayá tiwọn pa, wọ́n sì pín àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sí ẹ̀ka mìíràn. Ìmọ̀ràn wa fún yín: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ àti ìwé ilé ẹjọ́. Ẹni tó lè kọ ìròyìn Cubs látinú ìwé ilé ẹjọ́ gbèsè ò wọ́pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Tí tẹlifíṣọ̀n tó ra ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù bá kógbá sílé, ta ni yóò sanwó àwọn agbábọ́ọ̀lù? — Olùkà kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ kì í sì í lè san án. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ITV Digital gbà láti san mílíọ̀nù 315 pọ́n-ùn fún ọdún mẹ́ta fún àwọn ẹgbẹ́ Football League, ìyẹn àwọn tó wà nísàlẹ̀ Premier League. Àwọn ẹgbẹ́ ti fọkàn sí owó yẹn, wọ́n ti bá agbábọ́ọ̀lù ṣàdéhùn owó ọ̀sẹ̀ lé e lórí. Ní 2002 tẹlifíṣọ̀n náà kú, ó ṣì ku mílíọ̀nù 178 àti ààbọ̀ nílẹ̀. Carlton àti Granada, ilé-iṣẹ́ ńlá méjì tó bí i, lówó lọ́wọ́. League gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, League sì pàdánù. Kí ló fà á? Kò sí ìwé kankan tí Carlton àti Granada fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí oníduùró. Ọmọ ló jẹ gbèsè, òbí ò ṣe oníduùró, ó parí. Bradford City wà lára àwọn tó wọ gàù lọ́dún yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, Diamond Sports, ọmọ ilé-iṣẹ́ Sinclair tó ń gbé eré ìdárayá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ ilé ẹjọ́ gbèsè ní oṣù Kẹta 2023 pẹ̀lú gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ. Nígbà tí wọn ò san owó Padres ti San Diego, àjọ baseball fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ kámẹ́rà láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Ó dun baseball ju Premier League lọ torí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ta ẹ̀tọ́ àdúgbò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Premier League ń tà á pa pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Canal+ ti ra MultiChoice. Ṣé Premier League ò ní kúrò lórí DStv báyìí? — Olùkà kan, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Títà ilé-iṣẹ́ nìkan kì í fọ́ ìwé ẹ̀tọ́, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí olówó bá yí padà, ẹ̀tọ́ dópin. Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni Canal+ gba àkóso. Ohun tí SuperSport ti rà kì í tìtorí ìyẹn bàjẹ́. Ìgbà tí ẹ̀tọ́ bá tán ni ewu wà. HiTV gba Premier League fún Nàìjíríà ní 2007, èèyàn sáré ra dekódà wọn. Ní 2010 ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi kú pẹ̀lú dekódà lọ́wọ́ oníbàárà. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó san owó ọdún kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ọdún tí ẹ̀tọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa parí.