Dísìkì kan fẹ́ kú nínú VG (volume group) mi, báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dísìkì mẹ́ta ló wà nínú volume group mi (àkójọ dísìkì tí LVM so pọ̀ bí ọ̀kan) tó ń jẹ́ data, lórí Linux. Ọ̀kan, /dev/sdc, ti ń dún káràkárà. Mo tẹ vgreduce kí n fi yọ ọ́, ó ní wọ́n ṣì ń lò ó. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ó dáa bó ṣe kọ̀ fún yín yẹn, ẹrù ṣì wà nínú yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ wó. Ẹ kọ́kọ́ ṣe bákọ́ọ̀pù jàre. Ẹ wá tẹ pvs, ẹ wo PFree (àyè tó ṣófo) àwọn méjì tó kù, tí àyè ibẹ̀ ò bá tó, ẹ fi vgextend kó dísìkì tuntun wọlé. Ó wá kan pvmove /dev/sdc, á máa kó ẹrù náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó lè pẹ́ gan-an o, tíná bá lọ láàárín, ẹ tan án padà kẹ́ ẹ tẹ pvmove lásán, á tẹ̀ síwájú. Tó bá tán, vgreduce data /dev/sdc, lẹ́yìn náà pvremove /dev/sdc láti nu àmì LVM kúrò lórí ẹ̀. Ẹ má sáré lọ sídìí vgreduce --removemissing --force tí wọ́n máa ń júwe yẹn o, LV (logical volume, ìpín tẹ́ ẹ gé látinú VG) tó bá ní nǹkan lórí dísìkì tó ti sọnù, ṣe ló máa pa á rẹ́.