Ọmọ mi fẹ́ ṣe dókítà: ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà wọlé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Kétu ní Benin ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọbìnrin mi wà ní Première D (kíláàsì tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ní girama, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì), kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ú ju iṣẹ́ dókítà lọ. Ẹnì kan ládùúgbò wa sọ pé bí a kò bá ní ẹni tí yóò gbé e wọlé ní Kútọnu, kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Àbúrò mi tó wà ní Abẹ́òkúta ní kó wá ṣe JAMB, ìdánwò ìwọlé fásitì ní Nàìjíríà, lọ́dọ̀ òun. Èwo ni ká tẹ̀ lé, kí sì ni ká ti máa ṣe báyìí? Ìyá ọmọ, Kétu.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gbé ọmọ wọlé kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló ń jẹ owó àwọn òbí jù. Máàkì bac, ìdánwò àṣejáde girama, ni wọ́n fi ń to àwọn ọmọ tẹ̀ lé ara wọn. Lẹ́yìn tí èsì bac bá jáde, orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí apresmonbac.bj, ni ọmọ ti ń yan ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ní fásitì ìjọba. Iye àyè tó wà fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nílẹ̀ ṣáájú; láti orí ẹni tó mókè jù ni wọ́n á ti máa mú wọn bọ̀ títí àyè yóò fi kún. Ẹni tó ní kí ẹ mú owó wá kò ní ọwọ́ kankan níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá wọlé, á ní òun ló ṣe é. Bí kò bá wọlé, ẹ ò ní rí i mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà ní Benin kò pọ̀. Àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni Faculté des Sciences de la Santé ti Université d'Abomey-Calavi, àti Faculté de Médecine ti Université de Parakou. Àwọn ọmọ tó ń du àyè ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ń ti gbogbo ìgbèríko wá, láti Kétu, láti Ṣábẹ̀, láti Natitingou. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe pé ọmọ yege ní bac nìkan ni ọ̀rọ̀ wà. Irú máàkì tó fi yege ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì tí àwọn méjèèjì gba 13 nínú 20 ní àpapọ̀. Assez bien ni wọn yóò kọ fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ wá láti inú philo (ìmọ̀ ọgbọ́n orí), French àti histoire-géo (ìtàn àti jọ́gíráfì). Ti èkejì wá láti inú SVT (ìmọ̀ ohun alààyè àti ilẹ̀), PCT (físíìsì, kẹ́místrì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ) àti ìṣirò. Bí wọ́n bá jọ yan ìmọ̀ ìṣègùn, èkejì ni yóò ṣáájú, nítorí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìmọ̀ tó ń wò kó tó to àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ èyí àfi lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde, tí wọ́n á máa béèrè ìdí tí ọmọ aládùúgbò tí àpapọ̀ rẹ̀ kéré fi wọlé tí tiwọn kò wọlé.

Ní série D, SVT ni coefficient rẹ̀ (iye tí wọ́n fi ń sọ máàkì di púpọ̀) ga jù, PCT àti ìṣirò sì tẹ̀ lé e. Ní tèmi, PCT ló ń já àwọn ọmọ wa kulẹ̀ jù. Wọ́n á há SVT sórí, wọ́n á rí nǹkan kọ. Ṣùgbọ́n PCT kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń há sórí. Ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò mole àti ìwọ̀n ohun tó wà nínú omi ní Première, ọ̀rọ̀ acide àti base yóò sú u ní Terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn. Nítorí náà, Première tó wà yìí ló yẹ kí ẹ mú ní pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì ọdún yìí kò sí nínú bac. Kó gba àwọn ìbéèrè bac ọdún tó ti kọjá lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀, kó máa ṣe wọ́n lórí ìwé pẹ̀lú aago níwájú, kó sì bá ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì tí wọ́n jọ ń lépa ohun kan náà jókòó. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ ọjà, ọmọ ló ń ràn yín lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, bí ó bá ti di Terminale, ẹ dá ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ sí fún un. Ọmọkùnrin ni à ń sọ pé kó lọ kàwé nínú ilé wa, ọmọbìnrin là ń rán níṣẹ́, mo sì ti rí àwọn tó lè ṣe dókítà tí iṣẹ́ ilé gba gbogbo agbára wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìbí tún wà. Ó ń dun àwa ará ẹnu ibodè ju àwọn ará Kútọnu lọ. A ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀kọ tàbí Ìlárá, tí wọ́n tọ́ ní Kétu. Orúkọ wọn jẹ́ Adéchina nínú ìwé kan, Adeshina nínú èkejì, ọjọ́ ìbí sì yàtọ̀. Ìwé ìbí tí ANIP, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwé ìdánimọ̀, ń fúnni àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ NPI gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú orúkọ tí wọn yóò fi forúkọ sílẹ̀ fún bac, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ẹ wò ó báyìí. Àtúnṣe ìwé lè pẹ́, ìforúkọsílẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Tí èsì bá jáde, ìwọ̀nba ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣí apresmonbac.bj sílẹ̀. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ jókòó sídìí rẹ̀, kó má fi í fún ọmọ sáíbà. Bó ṣe to àwọn ẹ̀kọ́ tó yàn ṣe pàtàkì: kó fi ìmọ̀ ìṣègùn ṣáájú, kó sì fi àwọn mìíràn tó fẹ́ràn tẹ̀ lé e, torí bí àyè ibi àkọ́kọ́ bá kún, ibi tó kàn ni wọ́n á wò. Iṣẹ́ ìlera kò mọ sí dókítà. INMeS ní Kútọnu ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, EPAC sì ń kọ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò àti àwọn tó ń ya àwòrán inú ara. Kí ẹ sì ka Guide du bachelier, ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó yege ní bac, dáadáa nípa bourse, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fúnni: àwọn kan á gba bourse, àwọn kan á gba ìrànwọ́, àwọn mìíràn á san owó fúnra wọn, ọjọ́ orí náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Ní ti JAMB, ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bùrú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, biology, chemistry àti physics ni yóò ṣe, lórí 400 máàkì, fásitì tó yàn á sì tún dán an wò. Ó tún gbọ́dọ̀ ní credit márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Fún ọmọ tó ti ń fi French kàwé láti kékeré, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ohun mìíràn tí àbúrò yín lè má sọ ni pé fásitì ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń pín àyè: 45 nínú 100 fún máàkì nìkan, 35 fún àwọn ọmọ agbègbè fásitì, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Yorùbá kan náà ni wá, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ọmọ Kétu kì í ṣe ọmọ Ògùn. Inú 45 yẹn ni yóò ti du tirẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́ nílé, ó gbọ́dọ̀ gba équivalence, ìwé tó fi hàn pé oyè rẹ̀ bá ti Benin dọ́gba, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ordre National des Médecins, àjọ àwọn dókítà. Èmi á ní kó gbájú mọ́ bac.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́: ó tó ọdún méje kó tó kọ thèse, ìwé ìwádìí àṣekágbá tí yóò sọ ọ́ di dókítà, ọdún àkọ́kọ́ sì le gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró. Bí ó bá wọlé sí Kútọnu, ẹ má lọ gba yàrá sí Calavi nítorí orúkọ fásitì. Champ de Foire ni Faculté des Sciences de la Santé wà, nítòsí ilé ìwòsàn ńlá CNHU, nínú Kútọnu gan-an, ẹ wá yàrá sí agbègbè ibẹ̀.