Ojúlùmọ̀ ló ń gbé iṣẹ́ wá ju ọ̀rẹ́ lọ

Àbúrò mi tó ń ránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè pé ṣé èrè kankan wà nínú owó dátà tóun ń ná sórí Facebook àti WhatsApp, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ òun nìkan ló ń wo status òun, wọn kì í sì í rán nǹkan kan. Igbá fínfín ni iṣẹ́ tèmi níbí l'Ọ̀yọ́. Ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Èrè wà, àmọ́ kò sí níbi tó o ti ń wá a. Àwọn tí ìwọ mọ̀ náà ni ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, ti kọ ọ́ láti 1973 pé nínú àwọn tó gba ẹnu èèyàn rí iṣẹ́, ojúlùmọ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ló sọ fún ọ̀pọ̀ wọn. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn. Obìnrin kan tó máa ń ṣètò ìgbéyàwó ní Ìbàdàn béèrè lórí Facebook pé báwo lèèyàn ṣe ń tọ́jú igbá tí kòkòrò ò fi ní lu ú. Mo ṣàlàyé fún un, mi ò dárúkọ ọjà rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wo àwòrán iṣẹ́ mi. Nígbà tó gba iṣẹ́ ìgbéyàwó ńlá kan, èmi ló pè fún igbá tí wọ́n máa fi gbé ẹrù ìyàwó, àwọn àlejò ibẹ̀ náà sì gba nọ́ńbà mi. Títí dòní, a ò tíì fojú kan ara wa.

Ti WhatsApp: broadcast, ìyẹn iṣẹ́ kan tó o fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ò lè ju èèyàn 256 lọ nínú lísìtì kan, ẹni tó bá sì ti fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ nìkan ló máa rí i. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ ò ní rí status rẹ náà. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ti sanwó, sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi séèfù nọ́ńbà mi,” kó o sì dúró kó ṣe é lójú rẹ. Gba WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni. O lè to aṣọ àti iye owó síbẹ̀ kí wọ́n má baà máa bi ọ́ pé èló ni. Wọ́n á ṣì bi ọ́ o.

Kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá 2021, WhatsApp àti Facebook kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Nígbà tí ọjà Akẹ̀sán níbí l'Ọ̀yọ́ jóná níbẹ̀rẹ̀ 2020, àwọn tó ní nọ́ńbà oníbàárà ń tajà látilé. Àwọn tó jẹ́ pé ìsọ̀ nìkan la mọ̀ wọ́n sí di àwátì.

Dara pọ̀ mọ́ àwọn aránṣọ bíi tìẹ náà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ẹnìkan lásìkò ọdún, á yí díẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Ibẹ̀ náà lo ti máa gbọ́ orúkọ àwọn tó ń fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú gbéjà lọ. Wo àkáǹtì rẹ kó o tó fún ẹnikẹ́ni láṣọ.

Ya àwòrán aṣọ mélòó kan lójúmọmọ, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin Ìbàdàn yẹn ń wá ẹni tó mọ òfì í rán.