Ìwé Ọmọ Mi Ṣófo, Àmọ́ Gọ́ọ̀mù Kún Ọwọ́ Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ ọdún 9 ni ọmọ mi ọkùnrin. Láti ìgbà tó ti bọ́ sí kíláàsì olùkọ́ tuntun ni ìwé rẹ̀ ti ń ṣófo. Bó bá ti ilé ìwé dé, gọ́ọ̀mù á wà lọ́wọ́, àjákù bébà á kún báàgì. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe nínú ìṣirò, ó ní àwọn ń ṣẹ́ bébà po. Ṣé eré ni mò ń sanwó fún ni? Ìdánwò ń bọ̀, àyà mi sì ń já.
Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Àyà tó ń já yín yìí yé mi, torí ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kékeré, ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn ni mo sì fi gbà pé ìwé tó kún ni ẹ̀rí pé ọmọ ń mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà.

Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì, ọmọ ọdún 9 bíi tiyín. Bí mo bá kọ 1/2 + 1/3 sójú pátákó, 2/5 ni yóò kọ. Ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Mo fi bíírò pupa fagi lé e, mo ṣàlàyé, ó da ìlànà náà kọ sínú ìwé rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì rẹwà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, 2/5 náà ni. Ìwé ọmọ náà kún dẹ́múdẹ́mú, Ìyá wa.

Lọ́jọ́ kan, mo gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó gùn dọ́gba. Mo ní kó ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì, kó gé ìdajì rẹ̀. Ó ṣẹ́ èkejì sí mẹ́ta (ìyẹn le, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó dọ́gba), ó gé ìdá kan níbẹ̀. Mo ní kó tò wọ́n sórí ẹ̀kẹta tí a kò gé, kí ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán, díẹ̀ ló kù létí. Ó dákẹ́. Mo bi í pé, "2/5 tí o kọ ńkọ́, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?" Ó ṣẹ́ bébà mìíràn sí márùn-ún, ó wo ìdá méjì níbẹ̀, kò tó ìdajì pàápàá. Ó pariwo pé, "Mà, mo fi nǹkan kún ìdajì, ó tún wá dín!" Ló bá gé bébà kékeré kan tó ṣe déédéé àyè tó kù létí, ó fi ń wọn bébà gígùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbà, a sì ti bo márùn-ún. 5/6. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Èrò ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò kojú ohun tó wà nílẹ̀. Bíírò pupa mi kò lè ṣe é, torí ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn, ọmọ kàn gbọ́ ọ ni.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù lọ́dún 1907, a máa gé lẹ́tà láti ara sánpépà kí ọmọ lè fi ìka tọ ipa rẹ̀ kó tó fi pẹ́ńsù kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yín nídìí. Mo ti rí kíláàsì tí àwọn ọmọ ti ń lẹ bébà aláràbarà mọ́ra láti àárọ̀ dọ̀sán, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ohun tó ń wá. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, orí ń sùn. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ọmọ pé, "Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀?" kí ọmọ tó fọwọ́ kan nǹkan, kó sì ní kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Bébà ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀ títí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mi yẹn ti ń ṣírò láìfọwọ́ kan bébà, ojú inú rẹ̀ ti rí i. Nítorí náà, ẹ fi sùúrù bá olùkọ́ ọmọ yín sọ̀rọ̀, ẹ bi í pé níbo ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sí. Bí kò bá sí ibì kankan, ẹjọ́ yín tọ́.

Lálẹ́ òní, ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn tínínrín, kó jẹ́ mítà kan láti ibi tí ẹ gbé e kọ́ dé àárín òkúta. Ẹ jẹ́ kó máa fì díẹ̀díẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ 10 yóò gba bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí ẹ tó fi òkúta tó wúwo rọ́pò rẹ̀, ẹ bi ọmọ bóyá yóò yára sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àgbà, ló ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní yára sí i. Ẹ wá dín okùn kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, bí ìṣẹ́jú àáyá 10 ni 10 náà yóò gbà. Ẹ má sọ ìdí fún un. Ẹ gbé ìwé tó ṣófo yẹn síwájú rẹ̀, kó kọ ohun tó kọ́kọ́ rò, kó kọ ohun tó rí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.