Ẹ má da Château-Chalon yín nù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọkọ mi mú ìgò wáìnì Château-Chalon kan bọ̀ láti Faransé. Ìgò náà kúrú, 62 sẹ̀ńtílítà ni wọ́n kọ sí i lára. Nígbà tí a ṣí i, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi wúrà, òórùn àsálà ló ní, kò sì dùn rárá. Àbúrò mi ní atẹ́gùn ti sọ ọ́ di ọtí kíkan, kí n dà á nù. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á nù o, ẹ jọ̀ọ́! Ó ti ṣojú mi rí tí wọ́n da irú rẹ̀ sí gọ́tà, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Château-Chalon kì í ṣe ilé iṣẹ́. Abúlé orí òkè ni, ní Jura, lápá ìlà-oòrùn Faransé. Irú àjàrà kan ṣoṣo, Savagnin, ni òfin gbà kí wọ́n fi ṣe wáìnì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí gan-an ni kí ẹ fetí sí. Lóòótọ́, atẹ́gùn máa ń ba ọ̀pọ̀ wáìnì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu kún àgbá níbòmíràn kó lè máa kún dẹ́nu. Ti Château-Chalon, wọn kì í bu kún un. Bí wáìnì ṣe ń fà nínú àgbá, àyè á ṣí sílẹ̀ lókè rẹ̀, ìwúkàrà á hù sójú rẹ̀, á bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí awọ tí ń bo ojú ẹ̀kọ mímu tó bá ń tutù. Voile ni àwọn Faransé ń pè é, ìyẹn ìbòjú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kí wáìnì má baà kan. Ibẹ̀ ni òórùn àsálà yẹn ti wá, òun gan-an sì ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ń dúró fún ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Ọdún tí àjàrà kò bá dára tó, wọn kì í ṣe é rárá: kò sí Château-Chalon ti 1974, 1980, 1984 àti 2001.

62 sẹ̀ńtílítà? Wọ́n ní ohun tó ń ṣẹ́ kù nínú lítà kan nìyẹn lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n n kò rí ìgò yín, n kò lè búra pé ojúlówó ni. Tó bá ń rùn bí ohun tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ẹ má mu ún.

Ẹ má gbé e sínú yìnyín, ẹ má sì fi ṣúgà sí i láéláé. Ẹ dé e padà. Yóò lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbàjẹ́. Ẹni tó bá lóyún tàbí tó ń lo oògùn, kó má fẹnu kàn án. Ẹ wá wàràkàṣì Comté díẹ̀ sí i, kí ẹ sì bu ife kékeré kan fún àbúrò yín.