Ẹ Bi Àǹtí: Ìdọ̀tí Tó Kún Ẹ̀yìnkùlé, Ta Ló Máa Kó O?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dídà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, bóyá torí òjò tó ti dé ni, gbogbo nǹkan tá a jù sẹ́yìn ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń léfòó bọ̀ wá síwájú ilé. Mo gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀. Tẹ́ ò bá rí tiyín, ẹ ṣe sùúrù, mi ò jù ú nù o.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ma. Oúnjẹ ni mo ń tà ní Nyanya, ìrẹsì, ẹ̀wà, àmàlà. Ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ kì í wọ àdúgbò wa torí ọ̀nà ò dáa, àbókí tó ń fi ọmọlanke kó o náà ti fowó lé owó, tí n ò bá sì rí i fọ́jọ́ méjì péré òórùn á ti gba gbogbo ibẹ̀, kọ́sítọ́mà á máa di imú jẹun. Lánlọ́ọ̀dù ní kí n wá nǹkan ṣe sí i tàbí kí n kó ẹrù mi. Ẹ gbà mí o. (Olóúnjẹ, Nyanya)

Àǹtí: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọjà yín ò níí bàjẹ́. Ẹ wo inú ilẹ̀ yẹn dáadáa, kí ló ń rùn níbẹ̀ gan-an? Páálí kì í rùn, agolo kì í rùn, ọ̀rá piọ́ wọ́tà náà kì í rùn tó bá dá wà. Èèpo iṣu, omi ẹ̀wà, àjẹkù àmàlà pẹ̀lú egungun ẹja ló ń rùn, àwọn ló ń pe eṣinṣin, àwọn náà ló tún ń ba èyí tó yẹ kó dowó jẹ́, torí páálí tí ọbẹ̀ ilá ti dà sí lára, kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ yín mọ́. Báńkì Àgbáyé gbé ìwé kan jáde ní 2018 lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní láwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí àtàwọn tó ṣe déédéé, oúnjẹ àti ewé nìkan ti lé ní ìdajì gbogbo ohun táwọn ará ìlú ń dà nù. Tiyín tó jẹ́ bùkà á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ti lè yọ tútù kúrò lára gbígbẹ, ẹrù tí àbókí ń gbowó lé lórí á wálẹ̀, òórùn náà á sì lọ.

Ẹ wá ike ọ̀dà ńlá méjì tó ní ìdérí, ọ̀kan fún tútù, ọ̀kan fún gbígbẹ. Ẹ sọ fáwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ pé ẹni tó bá da àjẹkù sínú ike gbígbẹ, òun ló máa fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, ẹ ẹ̀ rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo wọn á ti mọ̀ ọ́n. Èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀wà, ẹ sá a sóòrùn, àwọn tó ń sin àgbò á máa wá a wá, pàápàá tí Iléyá bá ti ń sún mọ́. Àmọ́ ẹ má dì í sínú ọ̀rá fún wọn o, torí ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ tọ̀rá tọ̀rá. Ẹ bi alápatà tẹ́ ẹ bá mọ̀, á sọ ohun tó máa ń bá nínú àpòlúkù màlúù tó ń jẹ kiri orí ààtàn fún yín: ọ̀rá tó ti lọ́ mọ́ra, tó ti le gbagidi, kò dà, kò sì jáde, màlúù á kàn máa rù, ẹni tó ni ín á rò pé àìsàn ni.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tẹ́ ẹ bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ewé máńgòrò gbígbẹ tàbí páálí tẹ́ ẹ ti ya wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́, kẹ́ ẹ da tútù lé e, kẹ́ ẹ tún fi gbígbẹ bò ó, gbígbẹ yẹn ló yẹ kó pọ̀ jù, bí ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta tútù. Ẹ máa fi ọkọ́ yí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú ẹ̀, èyí tí atẹ́gùn ò bá wọ̀ ló ń rùn, òun náà ló ń tú mítéènì síta, ìyẹn gáàsì tó ń dá kún bí ayé ṣe ń gbóná. Tó bá ń lọ bó ṣe yẹ, àárín ẹ̀ á gbóná débi pé ọwọ́ yín ò ní lè pẹ́ níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ẹ máa bu omi wọ́n ọn, lásìkò òjò ẹ fi páànù bò ó. Ẹ má da ẹran, egungun tàbí epo sí i, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa bọ́ eku. Tó bá fi máa tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti di dúdú, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló kù lára ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé nǹkan òyìnbó ni mo ń sọ. Àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yìn odi Kano ti ń kó ilẹ̀ ààtàn ìlú lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sóko láti ayé bàbá ńlá wọn, taki ni wọ́n ń pè é, òun ló jẹ́ kí wọ́n lè máa gbin ọkà bàbà lórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Ohun tó wá kó bá taki lóde òní ni ọ̀rá àti ike tá a dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tútù àti gbígbẹ yẹn náà ni.

Méjì ló kù. Àkọ́kọ́, àwo fóòmù tẹ́ ẹ fi ń di oúnjẹ fún wọn, kò sẹ́ni tó ń ra àlòkù ẹ̀, ìjọba Èkó gan-an ti fòfin dè é ní January 2024. Ẹ sọ fáwọn kọ́sítọ́mà pé ẹni tó bá gbé kúlà wá, ẹ̀ẹ́ fi ṣíbí kan lé e fún un. Ìkejì, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ti sọ ọ́ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kíkó ilẹ̀. Ẹ̀yin àti lánlọ́ọ̀dù yẹn, dípò kó máa lé yín, ẹ jọ lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín pé kó bá yín wá ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí létí títì, tí ọmọlanke á máa kó o bá a níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ní ẹ̀sítéètì wa ní Lugbe a ti lé gbogbo baban bola, àwọn tó ń ṣa àlòkù kiri nínú ilẹ̀, torí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń sọnù, ìkòkò tí èèyàn sá síta ń sọnù. Ìyàwó mi ní a ò ṣe dáadáa, pé wọ́n ń bá wa dín ìdọ̀tí kù. Ta ló jàre? (Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Lugbe)

Àǹtí: Ìyàwó yín jàre jù yín lọ díẹ̀, ẹ má sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Olè wà láàárín wọn, mi ò ní purọ́, ìdérí ihò gọ́tà tó ń pòórá lójú títì Abuja yìí, kì í ṣe iwin ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ilẹ̀ tí AEPB, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ́tótó Abuja, bá kó láàárín ìlú, ààtàn Gosa ni wọ́n ń lọ dà á sí, gbogbo ẹ̀ á di òkìtì kan. Ẹni tó ń dúró nídìí bíìnì yín tó ń yọ irin sọ́tọ̀, tó ń yọ ike sọ́tọ̀, tó ń yọ páálí sọ́tọ̀, mállàm yẹn ni. Kò sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún un. Á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òṣùwọ̀n, tìyẹn bá kó jọ tó kún tírélà ó di iléeṣẹ́ tó ń yọ́ ọ. Ẹ dé ọjà Panteka ní Kaduna kẹ́ ẹ rí ohun tí wọ́n ń fi irin àlòkù rọ níbẹ̀. Agolo mọ́ltì tẹ́ ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ńkọ́? Láti yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù, iná tó ń gbà ò ju nǹkan bíi 5% èyí tí wọ́n fi ń ṣe tuntun látinú òkúta, ìdí tí wọ́n fi ń du ú nìyẹn.

Ẹ pè wọ́n padà, àmọ́ kó ní ètò. Kí ẹ̀sítéètì yín mú ẹni kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn ẹ̀ lè dúró fún, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti fóònù ẹ̀ sílẹ̀, ẹ fún un lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Kó má wọlé o, ẹnu géètì ni kó dúró sí, kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé àpò gbígbẹ tiwọn wá bá a. Ẹ má sì tún ná an nítorí náírà díẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi agolo ṣe tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè: Ṣé ó léwu téèyàn bá ń fi ọ̀rá dáná èédú? Ó máa ń yá gan-an. (Mararaba)

Àǹtí: Ó léwu. Èéfín ike tó ń jó níta gbangba ní májèlé nínú, dáóksìn wà lára ẹ̀, ó sì máa ń bà lé oúnjẹ tẹ́ ẹ ń sè. Àwọn tó ń fi táyà sun awọ màlúù náà, ohun kan náà ni, ìdí tí pọ̀nmọ́ mìíràn fi ń rùn bí epo mọ́tò nìyẹn. Ẹ lo èèpo àgbàdo tàbí ìṣáná pẹ̀lú páálí gbígbẹ.

Ìbéèrè: Àǹtí, kọ́pà ni mí ní Gwagwalada. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bísínẹ́ẹ̀sì ọ̀rá piọ́ wọ́tà, mo ti ń kó o jọ, yàrá mi ti ń kún. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀?

Àǹtí: Àbúrò mi, dúró ná. Ṣé o ti rí ẹni tó máa rà á? Òun lo kọ́kọ́ máa ń wá kó tó kan kíkó jọ. Lọ bá àwọn tó ń ra ike ládùúgbò ẹ, bi wọ́n léèrè pé èwo ni wọ́n ń rà, èló ni kílò, ṣé dandan ni kó ti fọ̀ mọ́. Ọ̀rá yẹn fúyẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀ ni yóò kó jọ kó tó kílò kan, nítorí náà tí owó ọkọ̀ bá wọ̀ ọ́ o ti jẹ gbèsè nìyẹn. Bá oníléeṣẹ́ piọ́ wọ́tà tàbí ilé ayẹyẹ sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ti ń mu ún ní púpọ̀ lójú kan.

Wo ìdí ike, wàá rí nọ́ńbà nínú àmì tó ní igun mẹ́ta. 1 ni ìgò omi àti ti mínírà, 2 ni kẹ́ẹ̀gì, 4 ni ọ̀rá, 5 ni ọ̀pọ̀ abọ́ oúnjẹ onídèérí, 6 ni àwo fóòmù yẹn. Wọn kì í yọ́ wọn pọ̀, torí ooru tó ń yọ́ ọ̀kan kọ́ ló ń yọ́ èkejì, ìwọ̀nba 1 tó bá bọ́ sínú 4 lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Da omi inú ẹ̀ nù, sá a, ká a mọ́ àpò. Má tún fi sínú yàrá tó ò ń sùn, gbogbo ẹ̀ ló ń gbaná.

Ìbéèrè: Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ní òun ń kó ike padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fún òun lówó. Kí ló dé tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀? (Minna)

Àǹtí: Òótọ́ ló sọ, láti 2003 ni wọ́n ti ń gba owó ìgò lórí ọ̀pọ̀ ìgò ike tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan, 25 sẹ́ǹtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, tó o bá dá a padà wọ́n á dá owó ẹ padà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Àwa náà ṣe é. Tó ò bá gbé ìgò mínírà dání, ẹlẹ́rìndòdò ò ní tà fún ẹ àfi tó o bá san owó ìgò, ìgò kan náà ló sì ń padà sí iléeṣẹ́ lọ fọ̀. Ìgbà tí ike dé la pa ọ̀pọ̀ ẹ̀ tì. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, wà nídìí ìlànà kan báyìí pé iléeṣẹ́ tó bá ṣe nǹkan jáde gbọ́dọ̀ dá sí bí wọ́n ṣe máa kó o padà, èmi ò ní fara mọ́ ọn pé ó tó, títí tí owó á fi tún wà lórí ike kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Àbúrò, bátìrì ínfátà mi méjì ti kú. Ẹnìkan ní kí n fọ́ ọ kí n ta òjé inú ẹ̀, pé owó gidi ni. (Alhaji, Sabon Gari, Kano)

Àǹtí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà nínú ilé, òjé ló wà nínú òkúta yẹn, ó sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Òjé tinú bátìrì ò yàtọ̀. Eruku ẹ̀ á wà lára aṣọ yín, lórí ẹní, ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kàn án, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu, ọpọlọ ọmọ ló ń lọ bá. Ásíìdì tó wà nínú ẹ̀ náà, ẹ má dà á sí gọ́tà.

Ẹ gbé e padà bó ṣe wà lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ ra tuntun lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n máa ń yọ owó àlòkù kúrò lára tuntun, ẹ ná an dáadáa. Tó bá jẹ́ ti lítíọ́ọ̀mù ni, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, torí iná lè sọ lára ìyẹn tí wọ́n bá gún un. Èyí tó bá ti là tó ń jò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e sínú ike ńlá tí ò lu, ẹ má sì gbé e sínú mọ́tò tẹ́ ẹ fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé kéú.