Àkèré ńlá nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní Florida: ṣé ó lóró, kí ni ká ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Orlando là ń gbé. Àtìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣí ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí mo bá àkèré ràgàjì kan tó lẹ̀ mọ́ ara àwo. Ọkọ mi gbé ti àkọ́kọ́ jù síta, òmíràn tún dé. Màmá mi nílé ní ojú lásán kọ́, kí n máa gbàdúrà. Mo ní ọmọ kékeré, a sì ní ajá. Ṣé ó lóró ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màdáámù. Àdúrà ò burú, ẹ máa gbà á lọ, ṣùgbọ́n eléyìí ò tọwọ́ ayé wá o, orí òrùlé yín ló gbà wọlé. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í dédé sáré ọ̀sán, ibi tó tutù tó sì lómi ni tiẹ̀ ń wá. Páìpù kan wà lórí òrùlé tó ń gbé òórùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì jáde, inú ẹ̀ ló máa ń sá sí tóòrùn bá mú, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa yọ sí yín. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ òrùlé gùn fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ò ní dípẹtà bo ẹnu páìpù yẹn, kí atẹ́gùn ṣì ráyè kọjá.

Bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àkèré igi Kúbà (Cuban treefrog). Kúbà, Bahamas àti Cayman Islands ni ìlú ẹ̀, ó jọ pé ẹrù ọkọ̀ ojú omi ló bá wọ Florida, wọ́n ti ń rí i ní Key West ó kéré tán láti 1931. Níbí, ó ń jẹ àwọn àkèré onílé, ìyẹn àwọn tó jẹ́ ti Florida gan-an, ó ń jẹ alángbá, ó tún máa ń kó sínú àpótí iná NEPA ti ọ̀dọ̀ wọn, wáyà á ṣáná, iná á lọ. Ìdí nìyẹn tí jíjù ú síta ò fi dáa, òfin Florida gan-an ò gbà kẹ́ ẹ mú un kẹ́ ẹ tún tú u sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé òun ni, torí àwọn àkèré onílé ò ṣẹ̀ yín. Tó bá ju íńṣì 2.5 lọ, òun ló máa ń jẹ́. Ẹ wo orí ìka ẹ̀, ó máa ń fẹ̀ rìbìtì, ara ẹ̀ rí ṣákiṣàki, abẹ́ abíyá ẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ bíi pupa inú ẹyin adìẹ. Awọ orí ẹ̀ lẹ̀ mọ́ eegun, tẹ́ ẹ bá fìka tì í láàárín ojú méjèèjì kò ní yẹ̀. Ọmọ ẹ̀ tó kéré ló ṣòroó mọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀yìn itan ẹ̀ dáadáa ẹ máa rí eegun tó ṣe búlúù lábẹ́ awọ.

Ti oró, kò lè pa èèyàn. Omi yíyọ̀ ara ẹ̀ ló ń ta, tó bá kan ojú á máa jó yín fatafata fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíì á máa sín, ó sì lè jẹ́ kí asthma (ikọ́ fée) dìde sí ẹni tó bá ní in. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi náílọ́ọ̀nù mú un, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́. Ajá lè máa da itọ́, ó máa ń lọ fúnra ẹ̀. Èyí tó ń pa ajá ni ọ̀pọ̀lọ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní bufo, ìyẹn ò lè gun ògiri, ó sì ní kókó ńlá méjì lẹ́yìn orí. Tí ajá bá gbé ìyẹn sẹ́nu, ẹ fi aṣọ tútù nu èrìgì ẹ̀, ẹ má da omi sí i lọ́fun, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko.

Láti pa á, ẹ má da bleach lé e, ìkà nìyẹn. Ẹ ra ìpara eyín ríro tó ní benzocaine (oògùn tó ń mú ara kú) 20% ní fámásì, ẹ fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ dúró bí ogún ìṣẹ́jú kó fi dákú pátápátá, kẹ́ ẹ wá dì í sí náílọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sí fríìsà di ọjọ́ kejì kó lè kú tipiri. Ẹ da omi tó ń dúró sínú ìkòkò òdòdó nù torí ibẹ̀ ló ń yé sí, kẹ́ ẹ sì máa pa iná ìta lálẹ́, kòkòrò tó ń yí iná yẹn ká ló ń wá jẹ. Tí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí orí ìka hàn.